Ife Àgbo Méjì

Títí di òní, bí mo bá gba Pápá Àjàó kọjá, tí òórùn ewé dóńgóyárò tí wọ́n ń sè bá gbá mi nímú, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Òórùn ilé wa nìyẹn nígbà tí màmá wa lọ tọ́jú ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin wá dúró tì wá.

SS ni àbúrò mi obìnrin. Oògùn kan wà tó máa ń lò láràárọ̀ kí ibà má baà rí i gbé ṣe, màmá wa sì fi han ẹ̀gbọ́n bàbá wa dáadáa kí wọ́n tó lọ. Èmi kì í lo nǹkan kan. Ẹ̀fọn á jẹ mí títí, ara mi ò ní gbóná.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa fi gbé oògùn náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ọmọ tára ẹ̀ le, kí ló ń fi oògùn ṣe?" ni wọ́n wí. "Ẹ̀fọn tó jẹ ẹ̀gbọ́n ló jẹ àbúrò. Bàbá kan, ìyá kan, ẹ̀jẹ̀ kan náà." Ni wọ́n bá bu àgbo sínú ife méjì fún wa, ọgbọọgba.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, màmá ní kò gbọ́dọ̀ má lò ó o."

Wọ́n ní ẹnu mi ti gùn jù.

Nígbà tó yá, ibà gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀. Funfun ojú rẹ̀ pọ́n bí omi àgbo yẹn gan-an, ó di itan mú, ó ń ké. Èmi tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, orí lásán ò fọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa wò mí, wọ́n wò ó, wọ́n ní ọwọ́ ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ayé wo? Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni oògùn wà!

Ọsibítù kan ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Màmá wa ti sáré dé. Dókítà obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀jẹ̀ wọn ò rí bákan náà. S kan ṣoṣo lèyí ẹ̀gbọ́n gbà lọ́dọ̀ òbí wọn, òun ni kì í jẹ́ kí ibà lè dá a dùbúlẹ̀. Àbúrò gba méjì. Ibà tí ẹ̀gbọ́n ò ní mọ̀ pó ṣe òun lè pa á."

"Ṣé mo mọ̀ ni?" ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa wí.

"Mo sọ fún yín," ni màmá wa dáhùn.

Àbúrò mi yè. Yábàá ló ń gbé báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ń tiro láti ìgbà náà. Mo ti fẹnu sọ pé mo dárí ji ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àmọ́ irọ́ ni. Ohun tó tún ń bí mi nínú ni bí àwọn ará ilé ṣe máa ń yìn mí pé ara mi le. Mi ò le ju àbúrò mi lọ. Ohun tí òbí wa fún un ní méjì ni wọ́n fún mi ní ẹyọ kan. Ohun tó ń gbà mí lọ́wọ́ ibà ló ń jẹ àbúrò mi run, ẹnìkan sì dìde, ó ní ká jọ máa mu àgbo kan náà.