Ayaba Tí Wọ́n Kọjú Rẹ̀ Sí Òjò

Attracta Looby kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Títí di ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé ìlú Carrigmoyle wa yìí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì tí a sin ín, gbogbo wọn ti di ọmọ olóòkú. "Ọmọ wa tó fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́" ni alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Phelim Crotty, pè é, tó sì ń fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò tutù. Lẹ́yìn ìyẹn ó jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran mẹ́fà. Mo wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún kìíní ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, gíláàsì mọ́kànlá ni mo ti fọ́, olùkọ́ mi sì ní bí ẹní di ṣíbí mú ni mo ṣe ń di irin tí a fi ń gé e mú. Bí mo bá ṣìsọ, ẹ dákun, ẹ tún un ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí, mo rí i.

Ìwé àlọ́ òkun tí Attracta ya àwòrán sí ni mo fi mọ̀wé kà. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ gùn bí àbẹ́là, ẹja wíńníwínní sì fara pamọ́ sí ìṣẹ́tí aṣọ wọn. Nígbà tí mo dé ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó gbé gíláàsì pupa kan lé mi lọ́wọ́.

"Pupa yìí, awọ lásán ni lórí gíláàsì funfun," ó ní. "Fi ìda bo ibi tí o bá fẹ́ kó kù, kí ásíìdì jẹ ìyókù. Rọra o, ásíìdì ò mọ ọmọ olóore."

Ẹ̀rù bà mí, mo jù ú sílẹ̀, ó fọ́.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹyọ kan la ní tẹ́lẹ̀. A ti ní méjì báyìí."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ yìí ní kó ṣe fèrèsé aláràbarà kan fún ilé ìkàwé, kó ya ayaba kan tó wà nínú ìwé àlọ́ náà sí i. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé máa ń yá ojú ẹni tó wà láàyè lò. Ojú Dymphna Tubridy ni Attracta yá, ìyẹn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìkàwé náà. Ìgbìmọ̀ wò ó, wọ́n ní kò bójú mu kí agbálẹ̀ dé adé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò mọ̀ pé ojú alápatà tó sanwó fèrèsé ló wà lọ́rùn ẹni mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa? Ìyẹn bójú mu. Wọ́n gbé ayaba sínú àpótí, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, wọ́n sì kan pákó mọ́ ojú fèrèsé.

Ìgbà tí Attracta kú ni ojú wá tì wọ́n. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbé ayaba náà sójú fèrèsé, kí alága lè rí nǹkan dúró sí iwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Màmá Dymphna ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Òun ló pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, wò mí dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni àmì dúdú mi wà?"

"Òsì ni, mà."

"Ti ayaba yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀tún."

"Ṣé Attracta fọ́jú ni?"

Mo fọwọ́ kan gíláàsì láti inú ilé: ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ilé ni ọ̀dà tí a fi ya ojú máa ń kọjú sí, kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Mo jáde, mo gun orí ìkòkò òdòdó, mo fi ìka kàn án. Ó rí ṣákiṣàki. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí mo wo ìka mi, ó ti dúdú. Ọ̀dà ìpéǹpéjú ayaba ni.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Crotty.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, sódì ni wọ́n gbé fèrèsé yẹn."

"Ọdún kelòó lo wà?"

"Ìkíní, sà."

"Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló ṣe gbogbo fèrèsé ilé iṣẹ́ ẹja. Ṣé gíláàsì ibẹ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn?"

"Kò ní, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ó parí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí lẹ́yìn ọdún tuntun."

Lẹ́yìn ọdún tuntun! Ṣé ìjì òkun náà wà nínú ìgbìmọ̀ ni, tí yóò fi dúró de ìpàdé? Ojú wo ni wọn yóò bá lára gíláàsì nígbà náà?

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìsìn ìrántí oṣù kan Attracta. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ yí ayaba padà kó tó di ọjọ́ náà, kí ó sì jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ gíláàsì ni yóò yí i. Orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́jọ ló wà lára àwo idẹ tí wọ́n kàn sábẹ́ fèrèsé náà. Ti Attracta kò sí níbẹ̀. Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sókè, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwọn mẹ́jọ yòókù pé àwọn ló gbé e sódì.

Títí dìgbà yẹn, bí òjò bá ti ṣú, Màmá Dymphna á fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á jáde lọ na agboòrùn bo fèrèsé. Lánàá ni alága bá a níbẹ̀.

"Dymphna, kí lò ń ṣe nínú òjò?"

"Ojú mi ni mò ń bò, sà. Ẹ̀yin náà, ẹ bo tiyín."