Ẹsẹ̀ Daddy Dáramọ́lá Kò Kan Bọ́ọ̀sì

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Daddy Dáramọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Lilburn, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ òkè Volterra ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni bàbá náà nígbà yẹn. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun òkè ní ilẹ̀ Ítálì, òógùn bò ó, ó ń kọrin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì kékeré tí àwọn tó ṣètò ìrìn àjò náà pèsè láti máa kó ẹni tó bá ti rẹ̀. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà ni mọ́tò mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn ń fọn fèrè. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ bẹ bàbá pé kó wọlé. Bàbá ń fi ọwọ́ dá a lóhùn pé kó máa lọ.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá kan dé, ó nàka sí bọ́ọ̀sì, ó sọ èdè Ítálì lọ rẹpẹtẹ. Bàbá dúró, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó kí i dáadáa, ó sì ṣàlàyé fún un ní èdè Yorùbá pé òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, pé ọ̀nà ni wọn ò ṣe kó fẹ̀. Ọlọ́pàá náà wo bàbá títí, ó wo àwọn mọ́tò, ó mí kanlẹ̀, ó sì bá a ti ìdí kẹ̀kẹ́ náà dé ẹnu ibodè ìlú. Bàbá ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà pé kó má tì í jù, kí àwọn ará Atlanta má baà sọ pé ọlọ́pàá ló gbé òun gòkè.

Ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà kò pa lẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ni Abímbọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Fairburn. Àdéhùn wà láàárín òun àti bàbá rẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ̀wà ló sì dá a sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni Daddy Dáramọ́lá ti ń dá gbé nínú ilé rẹ̀ ní Lilburn. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹ̀wà kaná, ó sì bọ́ síta láti kọ́ aládùúgbò kan bí wọ́n ṣe ń gé igi. Ìgbà tó máa fi kọ́ ọ tán, àwọn panápaná ti dé. Abímbọ́lá sáré wakọ̀ láti Fairburn, ó sì bá bàbá rẹ̀ níwájú ilé, ó ń bi àwọn panápaná bóyá wọ́n ti jẹun.

“Daddy, ẹ ò lè dá gbé mọ́,” ni Abímbọ́lá wí. “Ilé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mọ́ yín lórí.”

“Ẹ̀wà ló jó,” ni bàbá dáhùn. “Èmi ò jó.”

Abímbọ́lá padà sí Fairburn. Ó lọ kun yàrá kan nínú ilé tirẹ̀, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó tẹ́ ẹ, ó sì mú bàbá wá wò ó. Bàbá fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì náà, ó yin àwọ̀ ara ògiri, ó ní àlejò tó bá sùn síbẹ̀ máa gbádùn gan-an. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá kò tíì tó àkókò kó gbé òun padà sílé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá rí ìwé pélébé kan lọ́dọ̀ dókítà eléyín, àwòrán àwọn èèyàn tó ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ láàárín oko àjàrà ní Ítálì. Láti Siena ni, gba San Gimignano, gba Volterra, títí dé etí òkun. Olùkọ́ ni Daddy Dáramọ́lá kó tó wá sí Amẹ́ríkà, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ó ká ìwé náà sápò. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó kéde níwájú ìjọ pé òun àti Láńrewájú ń lọ. Láńrewájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tọ́ àwọn èèyàn sórí ìjókòó. Ibẹ̀ ni òun náà ti gbọ́.

Ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ni Abímbọ́lá ti dá bàbá rẹ̀ dúró. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó ti ronú. Ó ní bàbá lè lọ, ṣùgbọ́n bó bá wọ bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn tó rẹ̀, á kó ẹrù rẹ̀ wá sí Fairburn láìjanpata. Bó bá sì dé etí òkun láì wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Fairburn sí i létí mọ́.

“Ẹsẹ̀ kan péré, Daddy. Bí ẹsẹ̀ yín kan bá fi lè kan inú van yẹn, ó parí nìyẹn.”

“Ẹsẹ̀ kan péré,” ni bàbá wí, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọkàn Abímbọ́lá balẹ̀. Ó ti rí fọ́tò eegun orúnkún bàbá rẹ̀ méjèèjì, ó sì mọ̀ pé wọn ò lè dé òkun kankan.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ yí iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù ká ní Lilburn lárààárọ̀. Akoto tí wọ́n ní kó máa dé ló kọ́kọ́ di wàhálà. Ó ní òun ò lè gbé igbá borí wọ ìlú onílùú. Ó gbé akoto náà lọ bá Tasneem, aránṣọ kan ní Clarkston, ó ní kó rán fìlà tó máa bò ó mọ́lẹ̀. Tasneem wọn akoto náà lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè bóyá orí èèyàn ló wà fún lóòótọ́, ó sì rán fìlà tí irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo Georgia.

Nígbà tí wọ́n dé Siena, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún un nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Joanna, ọmọbìnrin tó ń darí ìrìn àjò náà, ṣàlàyé pé kẹ̀kẹ́ náà máa ran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá dá a padà. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ bá lè gun ara rẹ̀ dé òkun, kó máa lọ, kó bá òun kí òkun.

Lọ́jọ́ kejì, Joanna pe Abímbọ́lá lórí fóònù. Gbogbo èèyàn ti dé San Gimignano láti wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn, wọn ò rí bàbá àti Láńrewájú. Àyà Abímbọ́lá já. Síbẹ̀, ká má purọ́, ó lọ pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì yàrá yẹn.

Àṣé bàbá ń kí èèyàn ni. Kò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko kó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Gbogbo oko tó bá rí èèyàn, á sọ̀ kalẹ̀, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Àwọn àgbẹ̀ náà á dá a lóhùn lédè tiwọn, bàbá á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á nàka sí ilé, ó di kí wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n rí i, wàràkàṣì wà nínú agbọ̀n kẹ̀kẹ́ rẹ̀, oyin wà níbẹ̀, òróró ólífì wà níbẹ̀, Láńrewájú sì ń gbé èyí tí kò gbà. Joanna ní kò sí nínú ètò kí wọ́n máa dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá bi í pé ta ni ètò náà ń sá fún.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n dé òkun, ọ̀sán ni fóònù Abímbọ́lá tó dún, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ ní Ítálì. Bàbá rẹ̀ ló wà nínú fídíò, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó dúró nínú omi, fìlà ńlá yẹn wà lórí rẹ̀.

“Ẹ kú oríire, Daddy. Ṣé ẹ ò wọ van yẹn rárá?”

“Wo ẹsẹ̀ mi,” ni bàbá wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè nínú omi. Orúnkún náà wú. Abímbọ́lá wò ó, ó sì gbà pé òun ti pàdánù.

Ọdún mẹ́rin ni Daddy Dáramọ́lá tún lò nínú ilé rẹ̀ ní Lilburn. Ó se ẹ̀wà, ó kọ́ aládùúgbò nígi gígé, ó sì ń sọ ìtàn òkè Volterra títí mọ́tò mẹ́tàdínlógún fi di ogójì. Ìgbàkígbà tí Abímbọ́lá bá béèrè bóyá òótọ́ ni pé kò wọ bọ́ọ̀sì, bàbá á béèrè bóyá ó ti jẹun. Orí àga rẹ̀ ló wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tó sùn tí kò jí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, Abímbọ́lá àti Láńrewájú ń kó abọ́ sínú páálí ní ilé náà. Láńrewájú kàn dúró, ó ní, “Bímbọ́, ẹ̀gbọ́n wọ van yẹn.”

Abímbọ́lá gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Láńrewájú sọ ọ́ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí òkun kò jìnnà mọ́, òun ló ṣubú. Apá rẹ̀ yẹ̀, èémí rẹ̀ ń já, ó sì dá a lójú pé òun máa kú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ òun. Wọ́n fẹ́ gbé e sínú bọ́ọ̀sì, ó di aṣọ bàbá mú, kò jù ú sílẹ̀. Bàbá bi í bóyá kò lè dá lọ. Ó ní òun ò lè dá lọ. Bàbá wo ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì náà fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì wọlé tì í. Nígbà tí wọ́n ti di apá náà tán, bàbá ní kí awakọ̀ gbé òun padà sí ibi tí òun ti wọlé gan-an. Ó ti fi òkúta sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé òkun.

“Wọ́n ní àwọn ò ní purọ́ fún ọ,” ni Láńrewájú wí. “Wọ́n ní àwọn kàn máa wá nǹkan míì sọ ni.”

Abímbọ́lá rántí ẹsẹ̀ tó jáde látinú omi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara tábìlì mú, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde. Ó mọ ara rẹ̀. Ká ní ó gbọ́ nígbà yẹn, ì bá ti kó bàbá náà kúrò nílé lọ́jọ́ kejì, kò ní gbọ́ àlàyé kankan. Inú rẹ̀ dùn gidigidi pé òun kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n parí ẹrù dídì, ó ní kí Láńrewájú bá òun gbé kẹ̀kẹ́ bàbá sẹ́yìn mọ́tò. Ó wa mọ́tò dé Fairburn, ó ti kẹ̀kẹ́ náà wọ yàrá tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn sí rí, ó fi ti ara bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé akoto onífìlà náà lé irọ̀rí.

“Ẹsẹ̀ kan péré la sọ, Daddy,” ni ó wí. “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ó jáde, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Ó fi í sílẹ̀ gbayawu, kí bàbá lè máa kí ẹni tó bá ń kọjá.