Len Gbọ́ Ọmọ Odó Mi Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Peckham nílùú òyìnbó níbí. Títí di òní, ẹnu ṣì ń yà mí!

Èmi ò lè jẹ poundo inú páálí. Odó ni mo fi ń gún iyán nínú flat wa. Len, bàbá ará Australia tó ń gbé ní flat tó tẹ̀ lé tiwa, kì í jẹ́ kí n sinmi. Tá a bá pàdé nínú lift, á ní, “Chief, ogun wo lẹ tún ń jà lánàá?” Èmi náà á ní kó yé ṣe ìlara, kó wá jẹun.

Friday kan, Alájà ìyàwó mi ti lọ kírun Jímọ̀. Mo ń gún iyán lọ, àfi gbìì! Mo ti wà nílẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́, ohùn ò jáde. Stroke! Ọmọ odó ṣì wà nítòsí, mo fi ọwọ́ òsì gbé e, mo fi gbá ògiri.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo gbọ́? Len lọ́hùn-ún, ó ń pariwo: “Chief! Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ rárá, lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ ṣubú ni?”

Kó!

“Ṣé ẹ lè sọ̀rọ̀?”

Kó, kó!

“Ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn?”

Kó!

Ó pe ambulance. Kò sì yé bi mí ní ìbéèrè títí wọ́n fi já ilẹ̀kùn wọlé.

Nígbà tí ohùn mi padà, mo bi í pé ibo ló ti kọ́ irú èyí. Ó ní nígbà ogun Vietnam, òun ni signaller, ẹni tó ń gbé rédíò àwọn ọmọ ogun kọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀tá ká wọn mọ́ inú igbó, wọ́n súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tóun fi ń gbọ́ ikọ́ wọn. Tóun bá lanu, ó parí! Ló bá jẹ́ pé ẹni tó wà ní bárékè ń bi í ní ìbéèrè lórí rédíò, òun ń tẹ bọ́tìnnì: ẹ̀ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì fún rárá. Bí àwọn ará bárékè ṣe mọ ibi tí wọ́n máa yìnbọn sí nìyẹn. Ọta ìbọn ti ba èjìká rẹ̀ o, kò jáwọ́ lára bọ́tìnnì!

Wọ́n fún un ní medal. Ibo ló wà? Nínú agolo bisikíìtì, lábẹ́ tea bag! Yéè! Alájà bú sẹ́kún.

Len ní ẹni tó ń bi òun ní ìbéèrè ló yẹ kó gba medal, torí ó mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ ṣì lè lọ́rọ̀ láti sọ. Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló gbọ́ yín nígbà tí ẹnu yín ò gbé e? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí.

Len ti re ọ̀run báyìí. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Australia, ó gbé medal. Alájà gba agolo, ẹ̀gúsí ló ń kó sí i. Nọ́ọ̀sì kan ló ń gbé flat náà báyìí, mo sì ti sọ òfin wa fún un. Láràárọ̀, á pariwo pé, “Daddy, ṣé ẹ ti jí?”

Kó!

Ògiri lèmi jogún.