Ọba Róòmù Tí Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀

Òórùn àbẹ́là àti tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nínú gbọ̀ngàn kékeré yẹn, lẹ́yìn Plumstead High Street ní London, níbi tí ìjọ aláṣọ funfun kan ti ń jọ́sìn lọ́jọ́ Sunday. Ní Sátidé, àwa la máa ń lò ó. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn nígbà tí mo wá bá ọmọ mi gbé ní Thamesmead. Kí n má baà máa jókòó ti fèrèsé lásán, mo gbà láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà ní Yorùbá. Mọ́kànlá ni wọ́n, Mummy Tíṣà ni wọ́n sì ń pè mí.

Ẹni tó bá ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí mọ̀ pé ìtàn ni ọmọdé fi ń gbọ́ èdè. Mo bá fi Yorùbá sọ ìtàn ọmọdékùnrin tó jẹ ọba kẹ́yìn ní Róòmù ti ìwọ̀-oòrùn fún wọn. Bàbá rẹ̀, olórí ogun, ló gbé e gun orí ìtẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń pàṣẹ láti ẹ̀yìn àga. Kò pé ọdún kan tí balógun kan tó jẹ́ àjèjì fi dìde, ó pa bàbá, ó wá kan ọmọ. Àánú ọmọ náà ṣe é, torí ó kéré, ó sì rẹwà. Ó bọ́ aṣọ ọba lọ́rùn rẹ̀, ó fún un ní owó ìtọ́jú, ó ní kó máa lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn yìí débi pé a pinnu láti fi ṣe eré níwájú àwọn òbí wọn.

Aṣọ kò fún wa ní wàhálà: aṣọ àdúrà funfun ni gbogbo wọn wọ̀, láìwọ bàtà. Mo ṣàlàyé pé àwọn ará Róòmù a máa wọ sálúbàtà, wọ́n ní a kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ló ṣe ọba, torí ohùn rẹ̀ já gaara. Balógun àjèjì sì ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó sígbọnlẹ̀, nítorí kò sí ọmọ kankan tó lè dẹ́rù bani.

Níbi ìgbáradì àkọ́kọ́, balógun wọlé, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀, ó bú ramúramù. Ọba Róòmù sáré sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà, Uncle."

"Ọba kì í kúnlẹ̀," mo sọ fún un jẹ́jẹ́.

"But Uncle ni wọ́n!"

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹrin, balógun ti ń dáhùn pé, "Káàárọ̀, ọmọ dáadáa," kó tó rántí pé ìlú ló wá gbà.

Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà jókòó lẹ́yìn. Òun ni olórí àwọn ìyá aládùúrà. "Mummy Tíṣà, ẹ má bínú o," ó ní, "ọmọ tí mo tọ́ kì í jókòó kí àgbà dúró."

"Mummy, ọba mà ni nínú eré yìí."

"Ọba ìlú wo? Ṣebí ilé mi ló máa padà sí."

Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń kọ́ ọ ní ìjókòó ní Sátidé, ìyá àgbà ń tú u palẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Nígbà tí eré ku ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà ní òun kò fẹ́ ṣe ọba mọ́. Mo mọ ohun tó fà á: bó bá jókòó, ó di ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ lójú ìyá àgbà, bó bá kúnlẹ̀, ó ba eré jẹ́ lójú mi. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́, síbẹ̀ mo tún rọra sọ sí i létí pé, "Jókòó o."

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọba gúnwà nínú kọ́tìnnì aláwọ̀ àlùkò tí mo ká wá láti ilé ọmọ mi. Balógun wọlé, ó bú. Ọmọ náà ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀.

"Jókòó!" lèmi sọ láti ẹ̀gbẹ́.

"Kúnlẹ̀!" ni ìyá àgbà sọ láti ẹ̀yìn.

Ó wò mí, ó wo ìyá àgbà. Ó padà fìdí kalẹ̀, ó tún kọ́tìnnì rẹ̀ ṣe. "Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Mummy Tíṣà, ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́. Ọba ni mí."

Bóyá ohùn yẹn ni o, bóyá ẹ̀kọ́ ilé ni, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí!"

Mo gbàgbé ara mi. "Ẹ dìde! Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́gun!"

"Mummy Tíṣà," ló dáhùn láti ilẹ̀, "ọba ò tíì ní kí n dìde."

Ẹ̀rín sọ. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Róòmù kò ṣubú ní Plumstead lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé kejì, mo ní kí n tún ìtàn ṣe, mo kọ ọ́ sójú pátákó pé wọ́n rọ ọba náà lóyè. Ọmọbìnrin yẹn nawọ́. "Mummy Tíṣà, kí ló wá sọ nígbà tí wọ́n ń bọ́ aṣọ rẹ̀?"

Mo mọ orúkọ bàbá tó fi í pàṣẹ, mo mọ ti balógun tó lé e lọ, mo tilẹ̀ mọ ọba òkèèrè tí wọ́n kó aṣọ oyè náà ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ọmọ náà, n kò mọ̀ ọ́n.

"Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀," mo ní.

"Wọn ò bi í ni," ló wí.

Bí mo ṣe pẹ́ tó nídìí ìtàn yẹn, àwọn àgbà tó ń du ọmọ ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn, mi ò rò ó rí pé ẹnu wà lára ọmọ tí wọ́n ń dù. Láti ìgbà náà, kí n tó ní kí ọmọ jókòó tàbí kó kúnlẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?" Ìdáhùn wọn kì í sábà tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ọ tán kí n tó tún un ṣe.