Aṣọ Funfun Lójú Fèrèsé Wa ní Jeppestown

Ìgbà òtútù ni, lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí Fẹ́rà sá kúrò ní Rọ́ṣíà. Mò ń ránṣọ nínú yàrá kan ní ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan ní Jeppestown, nílẹ̀ òkèèrè, òun sì ń ya àwòrán nínú yàrá tó kọjú sí tèmi. Onílé fẹ́ lé gbogbo wa jáde láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Ó ti gé omi wa. A gbọ́ pé lọ́jọ́ Sátidé làwọn tó máa kó ẹrù wa síta ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè bi mí pé kí ló kan ayàwòrán ará Rọ́ṣíà nínú ìjà ayálégbé. Odò àti igi ni Fẹ́rà ń yà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn sì ń rà á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò ti ojú ogun bọ̀, ìjọba ti gbọ̀ngàn tó ti ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ pa. Ó mú aṣọ funfun kan, kò kọ nǹkan kan sí i, ó lọ nà án sókè ní gbàgede ìlú. Ọlọ́pàá mú un.

Mo bi í pé, “Kí ni wọ́n ní o kọ?”

“Wọ́n ní gbogbo ayé mọ ohun tí mi ò kọ.”

Ní ìpàdé wa, ó ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan ta aṣọ ibùsùn funfun sójú fèrèsé. Sipho, alága wa, rẹ́rìn-ín. “Eish, mama, àwọn tó wà nínú tákísí á rò pé aṣọ la sá.” Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ kọ nǹkan sí i, a ò fẹnu kò lórí èdè tí a ó lò. Bó ṣe di pé a ta á ní funfun nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, wòlíì obìnrin kan, Yorùbá bíi tèmi, ń kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kọjá. Aládùúrà ni wọ́n, aṣọ funfun lọ́rùn, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀. Ó dúró, ó gbójú sókè.

“Ẹ̀yin ará ibí, ìsìn wo lẹ̀ ń ṣe tí a ò gbọ́?”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Kì í ṣe ìsìn. Onílé ló fẹ́ lé wa.”

“Ta ló ń ta funfun báyìí láìṣe ti Ọlọ́run? Bu omi wá, ká ṣan ẹsẹ̀ ká wọlé.”

“Kò sómi, mà. Ó ti gé e.”

Ó wò mí. “Omi ló gé?” Ó yíjú sí àwọn ọmọ ìjọ. “Ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn.”

Wọ́n jókòó, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dé, olórí àwọn tó wá lé wa gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ó rí wọn, ó ṣí fìlà.

“Èmi náà ní ṣọ́ọ̀ṣì,” ló wí. “Mi ò lè gba orí àwọn tó ń gbàdúrà kọjá.” Wọ́n padà.

Fẹ́rà yíjú sí mi. “Ṣé mo ti sọ ilé yín di ṣọ́ọ̀ṣì ni?”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ajé, a gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má lé wa títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ wa. Omi padà. Ṣùgbọ́n ìjọba ò sọ ìwé ìgbélùú Fẹ́rà dọ̀tun, ó sì kó àwọn aṣọ funfun wa lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó ń ṣàfihàn wọn níbẹ̀ báyìí. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, mo sì rí tèmi, níbi tí áyọ́ọ̀nù ti jó etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni aṣọ yẹn ti kó lọ, ìdúró sú wọn. Wọn ò tíì dá ẹjọ́ náà.

Mo ti ra aṣọ ibùsùn mìíràn, funfun náà ni. Ó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mi ò tíì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn.