Eré Íńdíà ní Pálọ̀ Alhájà

Òórùn àlùbọ́sà díndín ló máa ń pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Alhájà tó ni ilé tí a ń gbé ní Múṣin ti ń dín ata nìyẹn, fídíò rẹ̀ ti wà ní títàn, àwọn ọmọdé agboolé sì ti tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Ìtàn àtayébáyé àwọn ará Íńdíà ni wọ́n fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n náà: ọmọ ọba kan tí orogún ìyá rẹ̀ fẹ́ lé kúrò láàfin.

A kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Ṣùgbọ́n Alhájà ti lọ sí Mẹ́kà, agboolé sì gbà pé ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo èdè òkèèrè. Òun náà kò jiyàn. Ó ń túmọ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Tíṣà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo àgbà ń pè ní Àǹtí, kéde pé ẹni tó bá wo eré náà ti forí balẹ̀ fún òrìṣà. Kò wo ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ rí. Títí di òní ni irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ń bí mi nínú: kí ènìyàn ka ohun tí kò mọ̀ léèwọ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó sì pe àìmọ̀ rẹ̀ ní ìwà mímọ́. Ìyá mi gbà á gbọ́. Ó ní n kò gbọdọ̀ dé pálọ̀ Alhájà mọ́.

Mo yọ́ lọ. Ìyá mi tọ̀ mí wá, sálúbàtà lọ́wọ́. Ọmọ ọba ti bọ́ aṣọ oyè sílẹ̀, ó ń wọ igbó lọ. Sálúbàtà dúró lókè.

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan," Alhájà dáhùn. "Orogún ìyá rẹ̀ ló ní ọmọ tòun ló máa jọba."

"Obìnrin burúkú! Ojú ẹ ò tiẹ̀ tì ẹ́!" Ìyá mi na sálúbàtà sí tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyá Fọlákẹ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó máa bá a jà."

Ó jókòó. Ìyàwó bàbá rẹ̀ ló lé òun náà kúrò nílé ní Iléṣà, tó fi wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó. Kò padà síbẹ̀ rí.

Nígbà tí Tíṣà wá fẹjọ́ sùn pé a ṣì ń wo eré náà, ìyá mi dá a lóhùn pé, "Àǹtí, ẹ má bínú. Òrìṣà kọ́ ni mò ń wò níbẹ̀. Ìyàwó bàbá mi ni."

Lọ́jọ́ tí ọmọ ọba padà wọ̀lú, tí gbogbo ìlú tan fìtílà dè é, ìyá mi fi etí ìró nu ojú. "Kérésì ọdún yìí," ó ní, "Iléṣà la máa ṣe é." A sì lọ.

Mo ti kàwé jìnnà, mo sì ti fi gègé bá ọ̀pọ̀ aláìmọ̀kan jà. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, mo bá ọmọ mi nídìí eré àwọn ará Kòríà nílé wa ní Sùúrùlérè, mo sì ti to ẹjọ́ sẹ́nu kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ọmọdé tó jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ Alhájà lọ́jọ́sí kò di ẹjọ́ kankan wọlé. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọbìnrin kan ń di ẹrù, ó ń sunkún.

"Kí ló ṣe?" mo bèèrè.

Ọmọ mi sún, ó fi àyè sílẹ̀. "Màámi, ẹ jókòó ná. Màá máa túmọ̀ fún yín."