Ògiri Tí Gbogbo Wa Fọwọ́ Sí

Ní abúlé wa, lẹ́bàá Mọ́níyà, olórí kì í ṣe àṣìṣe. Àwa tí a ń tẹ̀ lé e ni a máa ń bá a ṣe é, a ó sì tún pọnmi fún un tí wọ́n bá ń po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà pọnmi.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Lábẹ́ àtíbàbà kan tí wọ́n fi páànù bò ni a ti ń yan gàrí nígbà náà, kò ní ògiri kankan. Ìyá mi ní àyè tiwọn létí àtíbàbà náà, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń gbá èéfín lọ. Ojú ń dùn wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan ti tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà, ó ní kí wọ́n jìnnà sí èéfín, pé bí wọ́n bá ń fara kó o, ojú náà lè fọ́. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì gidigidi, wọ́n sì padà sídìí ààrò, torí nọ́ọ̀sì kò sọ ohun tí a ó máa jẹ tí wọn ò bá yan gàrí mọ́.

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ẹgbẹ́ wa ti fi yíyan sílẹ̀. Títà ni wọ́n ń tà ní tiwọn. Wọ́n rìnrìn àjò lọ síbì kan, wọ́n rí ilé iṣẹ́ gàrí tí wọ́n mọ ògiri yí ká, wọ́n sì padà dé pẹ̀lú ìtìjú nítorí wa. Wọ́n pe ìpàdé.

"Ẹ wo bí gbogbo ọlọ́kadà ṣe ń rí yín, tí ẹ ró ìró mọ́ àyà! Ṣé ilé iṣẹ́ nìyẹn? A máa mọ ògiri yí i ká. Ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kékeré kan, ó parí."

Ẹ̀yìn náà ni a gbọ́ pé ibi tí wọ́n lọ ní ihò gàgàrà kan tí èéfín ń gbà jáde lókè. Ìyá Ẹgbẹ́ kò wòkè.

"Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó sọ ọ́ o," ni wọ́n wí. "Èmi kì í ṣe olórí tí ń fipá múni." Wọ́n wá ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó jẹ iṣu rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú tèmi kọjá kèrémí. Ní ìwọ̀nba ọdún tí mo lò nílé ìwé, tí tíṣà bá pe orúkọ mi, ẹni tó jókòó tì mí ló máa ń bá mi dáhùn. Mo ronú kan ojú ìyá mi, mo la ẹnu, ikọ́ ló jáde.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa," Ìyá Ẹgbẹ́ wí. "Ẹ rí i? Àwọn ọmọdé pàápàá ti gbà."

Báyìí ni èmi náà ṣe fọwọ́ sí i.

Ojú ọ̀nà ilé ni ọgbọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sórí wa. Ìyàwó Lémọ́mù, tí ẹnu wọn mú ju ọ̀bẹ tí a fi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, ló bẹ̀rẹ̀.

"Èéfín máa fín wa pa bí òkété ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀?" obìnrin kan bi wọ́n.

"Èmi? Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí? Aláàdúrà ni Ìyá Ẹgbẹ́. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ìwọ tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"A jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ! Tí mo bá ta kò wọ́n, ibo ni n óò jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Gbogbo wa ni a ní ìdí, kò sì sí èyí tí kò dára nínú wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bíríkìlà bẹ̀rẹ̀, àwọn tó bínú jù lójú ọ̀nà ló kọ́kọ́ gbé garawa omi dé. Wọ́n ń kọrin pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ tí a máa ṣí ilé náà, Ìyá Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pe ọ̀gá kan láti Ìbàdàn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ bí a ṣe ń darí ènìyàn. Wọ́n wọ kóòtù wá. A gbé àga wọn sáàárín, a dáná sí gbogbo ààrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

"Olórí rere máa ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sọ." Ikọ́ gbà wọ́n. "Ṣé ẹ máa ń sọ ti inú yín fún olórí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

"Ṣé nǹkan kan wà tó ń ni yín lára báyìí?"

"Rárá o, sà!"

Omi ń dà lójú gbogbo wa pòròpòrò. Ọ̀gá náà wò wá, wọ́n nu ojú tiwọn, wọ́n ní àwọn kò tíì rí ẹgbẹ́ tí ẹ̀kọ́ wọ̀ lọ́kàn tó báyìí rí.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ààrò ìyá mi bọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni èéfín ń ṣẹ́rí sí. Mo rí wọn tí wọ́n ń táràrà wá igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí, bẹ́ẹ̀ iwájú wọn ni igbá náà wà. Ọwọ́ wọn lọ bá etí agbada tó ti gbóná janjan. Wọn ò ké. Àlejò wà níjòókòó.

Mo dìde. Ẹ má pè é ní ìgboyà. Ọ̀rọ̀ sísọ ni mo máa ń bẹ̀rù, kò sì sí ẹni tó nílò ọ̀rọ̀ kó tó gbé agbada. Mo fi aṣọ di etí rẹ̀ mú, mo gbé e kọjá níwájú ọ̀gá náà, mo gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí bíríkìlà kó àwọn òkúta ààrò àtijọ́ jù sí. Mo padà wá mú igi iná. Mo padà wá fa ìyá mi lọ́wọ́.

Ìyá Ẹgbẹ́ tẹ̀ lé wa jáde. "Ta ló ní kí o gbé agbada jáde?"

Mo kúnlẹ̀. Mò ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

"Ẹ má bínú, mà, ọmọdé ló ń ṣe é," ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, mà." Ìyàwó Lémọ́mù ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, agbada tiwọn wà lọ́wọ́ wọn.

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ ti gbàgbé ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní tí àlejò bá dé, ká yan gàrí níta, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wa dáadáa."

Ìyá Ẹgbẹ́ wo ojú Ìyàwó Lémọ́mù. Wọ́n wo àlejò, tó ti jáde, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n wo àwọn obìnrin tó ń tò bọ̀ lẹ́yìn, kálukú pẹ̀lú agbada tirẹ̀.

"Ẹn-ẹn," ni wọ́n wí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ wá ń dúró dè látàárọ̀? Ẹ kì í gbọ́ràn!"

A tọrọ àforíjì pé a kò tètè gbọ́ràn. Ọ̀gá ará Ìbàdàn ní olórí tó ń rí ọ̀ọ́kán nìyẹn, kí a pàtẹ́wọ́ fún wọn. A pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, abẹ́ igi máńgòrò ni a ti ń yan gàrí. Ilé ológiri wà níbẹ̀, ó lẹ́wà. Àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀, kò sì sí ọlọ́kadà tó lè rí ìhòòhò wọn mọ́.

Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ìyàwó Lémọ́mù lọ sílé Ìyá Ẹgbẹ́, wọ́n lọ kí wọn kú làákàyè, pé èrò tí Ìyá Ẹgbẹ́ ní láti wó ògiri apá méjì yẹn dára púpọ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ kò rántí pé àwọn ní irú èrò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ó jọ tiwọn. Bíríkìlà padà wá, ìyá mi sì padà sí ibi tí atẹ́gùn wà.

Ojú wọn kò tíì dá ṣáṣá. Nọ́ọ̀sì ní yóò gba sùúrù, ó sì ní kí èmi máa bá wọn yan díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo yan tèmi tán, mo dà á sínú abọ́, mo gbé e wá síwájú wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ṣa hóró dúdú kan jáde, wọ́n ṣa òmíràn, òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Kí lo fi iná ṣe sí gàrí yìí? O ti jó o! Gbogbo dúdú yìí, ojú ẹ ò rí i ni?"

Wọ́n bú mi títí a fi délé. Mò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún tìtorí ẹ̀rín náà bú mi.